Claudia Jones: Obìnrin Àtìpó Tí Ó Fi Ìwé Ìròyìn Gbèjà Àwọn Ènìyàn Rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún ni àwọn arìnrìn-àjò ìgbàgbọ́ máa ń wọ́ lọ sí ihò àpáta Arigbo ní Ìdáàṣà. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ èdè ni ó máa ń pàdé ní ẹsẹ̀ òkè náà. Kò sí ohun tí ó ṣàjèjì nínú èyí fún àwa ọmọ ìlú olókè. Ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ sọ pé láti ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni Jagun Ọlọ́fin ti ṣí wá, kí ìdílé Ọmọ-Jagun tó fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn òkè wọ̀nyí. Títí di òní, àwọn ọ̀dọ́ wa kò yé wo ọ̀nà Kùtọnu, ọ̀nà Nàìjíríà, àti ọ̀nà òkè òkun. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ àtìpó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn létí wa.

Ìtàn ìgbésí ayé tí a mú wá fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí jẹ́ ti obìnrin kan tí ó ṣe àtìpó ní ilẹ̀ méjì. Ilẹ̀ kìn-ín-ní lé e jáde. Ilẹ̀ tí wọ́n gbé bí i kọ̀ láti gbà á padà. Ní ilẹ̀ kejì ni ó sì ti dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, láìní owó, láìní ìlera. Claudia Jones ni orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ hàn ni pé àtìpó tí kò ní ibi tí yóò ti sọ tẹnu rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni yóò máa ròyìn rẹ̀, bí ó bá sì ti wù wọ́n ni wọn yóò ṣe ròyìn rẹ̀.

Ọmọ Belmont

Ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 1915 ni wọ́n bí i ní Belmont, àdúgbò kan ní Port of Spain, olú ìlú erékùṣù Trinidad ní Òkun Kàríbéánì. Claudia Vera Cumberbatch ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ fún un. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso Trinidad nígbà náà. Ó yẹ kí àwa ará Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ pé Belmont kì í ṣe ilẹ̀ tí ó jìnnà sí wa bí a ti rò. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú parí, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ti gba òmìnira tẹ̀dó sí. Àwọn ará Dahomey wà lára wọn. Rada ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, èyí tí ó wá láti inú orúkọ ìlú Allada, wọ́n sì ń bọ àwọn vodun wọn níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é nílé. Ní erékùṣù yìí kan náà ni wọ́n ti ń sin Ṣàngó àti Ògún títí di òní.

Òwò kòkó ni ó gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ró ní Trinidad. Nígbà tí iye owó kòkó já wálẹ̀ lẹ́yìn ogun 1914 sí 1918, ebi wọ ilé púpọ̀. Ní ọdún 1922, bàbá àti ìyá Claudia ṣí lọ sí New York láti wá iṣẹ́, wọ́n sì fi àwọn ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹbí. Ní oṣù kejì ọdún 1924 ni Claudia àti àwọn arábìnrin rẹ̀ tó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá wọn. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York.

Ohun tí ẹbí náà bá níbẹ̀ kò jọ ohun tí wọ́n ń gbọ́ nílé. Iṣẹ́ àránṣọ ni ìyá rẹ̀ rí ṣe nínú ilé iṣẹ́ ńlá kan, níbi tí owó ti kéré tí iṣẹ́ sì pọ̀ ju agbára lọ. Níbi iṣẹ́ yìí ni ikú ti mú un lójijì, ọmọ ọdún 37 péré. Claudia kò ju bí ọmọ ọdún 12 lọ nígbà náà. Ní ọdún 1929, ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá, ilé tí wọ́n sì ń gbé tutù, ó kún fún ọ̀rinrin. Ní ọdún 1932, ikọ́ ẹ̀gbẹ mú ọmọbìnrin náà, ó sì lo nǹkan bí ọdún kan ní ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́ títí ó fi kú.

Orí rẹ̀ pé gidigidi níwèé. Síbẹ̀, nígbà tí ó parí ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1935, kò lè lọ síbi ayẹyẹ náà, nítorí pé ẹbí rẹ̀ kò ní owó aṣọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀ lọ́jọ́ náà. Yunifásítì kò ṣeé ronú kàn. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe fìlà, ó sì tajà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Bí ó ṣe di oníròyìn

Ní àkókò náà, ẹjọ́ kan gba ẹnu gbogbo aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1931, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú mẹ́sàn-án ní ìpínlẹ̀ Alabama, wọ́n fẹ̀sùn kàn wọ́n pé wọ́n fipá bá àwọn obìnrin òyìnbó méjì lò. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ilé ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún mẹ́jọ nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rí tí ó dúró. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì gba agbẹjọ́rò fún wọn. Èyí ni ó fa Claudia mọ́ra. Ní ọdún 1936, ó wọ ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn nínú àwọn ìwé tí ẹgbẹ́ ń tẹ̀ jáde. Ó yí orúkọ padà sí Jones kí àwọn ọlọ́pàá inú má baà tètè dá a mọ̀.

Iṣẹ́ oníròyìn bá a lára mu. Ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí wọ́n ń pè ní Daily Worker, ó sì di olóòtú ìwé àwọn ọ̀dọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Spotlight nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1949 ni ó kọ àròkọ rẹ̀ tí ó lókìkí jù lọ, lórí ipò obìnrin dúdú. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé ẹrù mẹ́ta ni obìnrin dúdú ń rù lẹ́ẹ̀kan náà: ẹrù àwọ̀ ara, ẹrù jíjẹ́ obìnrin, àti ẹrù jíjẹ́ òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù. Ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá wí, nítorí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìdọ́gba ní gbangba, wọ́n sì ń fi obìnrin dúdú ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ilé. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń kọ́ni ní ohun tí obìnrin yìí ti rí pẹ̀lú ojú ara rẹ̀.

Ìlélọ kúrò ní Amẹ́ríkà

Lẹ́yìn ogun, ìbẹ̀rù Kọ́múníìsì gba orí ìjọba Amẹ́ríkà. Claudia ti bẹ̀bẹ̀ tipẹ́ láti di ọmọ ilẹ̀ náà, wọn kò gbà fún un. Àìní ìwé ọmọ ilẹ̀ yìí ni wọ́n wá fi di ọwọ́ mú un. Wọ́n mú un ní ọdún 1948, wọ́n sì sọ pé wọn yóò dá a padà síbi tí ó ti wá. Wọ́n tún mú un ní 1950, wọ́n sì tún mú un ní 1951. Ní ọdún 1951 yìí kan náà ni àrùn ọkàn kọ́kọ́ dá a dùbúlẹ̀, ọmọ ọdún 36. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pẹ̀lú àwọn olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan àti ọjọ́ kan. Kì í ṣe pé ó jalè, kì í ṣe pé ó gbé ìbọn. Ohun tí ó kọ àti ohun tí ó sọ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n náà ní Alderson ní ìpínlẹ̀ West Virginia ní ọdún 1955, láti oṣù kìn-ín-ní títí di oṣù kẹwàá.

Nígbà tí ó jáde, ìjọba sọ pé kí ó máa lọ. Ṣùgbọ́n sí ibo? Gómìnà Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà ní Trinidad kò fẹ́ ẹ nílé, nítorí ìbẹ̀rù pé yóò dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ti Claudia yàtọ̀, ilé ni ó kọ onílé. Nígbẹ̀yìn, nítorí pé ọmọ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, wọ́n gbà kí ó wá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kejìlá ọdún 1955, lẹ́yìn ọdún 31 ní Amẹ́ríkà, ó fi bàbá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ sílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi nínú òtútù. Ó ti pé ọmọ ogójì ọdún, ara rẹ̀ kò le, kò sì sí iṣẹ́ kankan tí ó ń dúró dè é.

Ìwé ìròyìn Brixton

Láti ọdún 1948 ni àwọn ará erékùṣù Kàríbéánì ti ń wọ́ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti wá iṣẹ́. Ọkọ̀ ojú irin, bọ́ọ̀sì àti ilé ìwòsàn nílò wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jáde níbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ fún wọn ní yàrá, wọ́n a sì kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà kedere pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú. Àwọn ọmọ Nàìjíríà àti ọmọ Ghana tí ó wá kàwé bá ìṣòro kan náà pàdé. Nínú àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá Lọ́ńdọ̀nù, bí aláwọ̀ dúdú bá farahàn, ìṣòro ni wọ́n sábà máa ń kà á sí. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò fún Claudia ní iṣẹ́ tí ó tó ìmọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó ṣe ni èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 1958, ó dá West Indian Gazette sílẹ̀, ìwé ìròyìn olóṣooṣù. Ọ́fíìsì rẹ̀ jẹ́ yàrá kékeré lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní ojúlé 250, Brixton Road, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Amy Ashwood Garvey, ọmọ Jamaica tí ó ti jẹ́ ìyàwó Marcus Garvey rí, wà lára àwọn tí ó bá a dá a sílẹ̀. Claudia ni olóòtú, òun ni ó ń kọ̀wé, òun ni ó ń wá ìpolówó ọjà, òun náà ni ó sì ń bá ilé ìtẹ̀wé ṣàdéhùn gbèsè. Àwọn tí ó ń ràn án lọ́wọ́ kò gba owó oṣù tí ó nítumọ̀. Donald Hinds, tí ó padà di òǹkọ̀wé tí a mọ̀, ń gba owó ọkọ̀ nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ń kọ ìròyìn fún Gazette nígbà tí ó bá ráyè.

Kí ni òǹkàwé ń rí nínú rẹ̀? Ó ń rí ìròyìn erékùṣù rẹ̀, tí ìwé ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù kò bìkítà fún. Ó ń rí ìròyìn bí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti ń gba òmìnira, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. Ó ń rí ewì, ìtàn kúkúrú, àti ìpolówó àwọn oníṣòwò kéékèèké tí wọ́n mọ irun rẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀. Bí ìwé náà ti ń dàgbà, wọ́n fi orúkọ Áfíríkà àti Éṣíà kún orúkọ rẹ̀, nítorí Claudia gbà gbọ́ pé ìyà kan náà ni ó ń jẹ gbogbo àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Nígbà tí ó gbilẹ̀ jù, nǹkan bí ẹ̀dà 15,000 ni wọ́n ń tà. Fún ìwé ìròyìn tí kò ní olówó kankan lẹ́yìn, èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ìdánwò dé kíákíá. Ìwé náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú ní Nottingham àti ní Notting Hill, ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1958. Ọjọ́ púpọ̀ ni ìjà náà gbà. Ọ́fíìsì kékeré Brixton di ibi tí àwọn ènìyàn ń sá lọ láti wá ìmọ̀ràn àti láti sọ ohun tí ojú wọn rí. Lẹ́tà ìhàlẹ̀ sì ń wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1959, wọ́n gún Kelso Cochrane pa lójú títì ní Notting Hill, káfíńtà kan tí ó wá láti erékùṣù Antigua. Kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú rẹ̀ títí di òní. Claudia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣú lé ìjọba lórí. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì ko ènìyàn jọ nítorí rẹ̀.

Ijó nínú òtútù

Ṣáájú ikú Cochrane, Claudia ti ṣe ohun mìíràn tí ó ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu. Ó rí i pé ẹkún nìkan kò lè gbé àwọn ènìyàn rẹ̀ ró. Ní Trinidad, kí Lẹ́ǹtì tó dé, gbogbo ìlú ni ó máa ń jó ọdún Carnival, pẹ̀lú aṣọ aláràbarà àti orin kalípísò. Ó pinnu láti gbé ọdún náà wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1959, nínú òtútù, wọ́n ṣe Carnival àkọ́kọ́ nínú gbọ̀ngàn ìlú St Pancras, ilé tẹlifíṣọ̀n BBC sì gbé e sáfẹ́fẹ́. Wọ́n ya lára owó tí wọ́n pa sọ́tọ̀ láti san owó ìtanràn fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mú nínú ìjà Notting Hill. Lọ́dọọdún ni Gazette ń ṣe é títí di 1964.

Òótọ́ ni pé Carnival ojú títì tí ó ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn jọ ní Notting Hill lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1966, àwọn mìíràn ni ó sì dá a sílẹ̀. Rhaune Laslett jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Síbẹ̀, àwọn tí ó mọ ìtàn kì í gbàgbé ẹni tí ó kọ́kọ́ pe àwọn àtìpó jọ láti jó ní ìlú tí kò fẹ́ rí wọn.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀

Ní ọdún 1962, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó dí ọ̀nà mọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso tàbí tí wọ́n ti ṣàkóso rí. Gazette bá òfin náà jà, ṣùgbọ́n òfin borí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà wọ́de ní Washington, Claudia wà lára àwọn tí ó ṣe ìwọ́de ní Lọ́ńdọ̀nù láti tì wọ́n lẹ́yìn. Ó lọ sí Rọ́ṣíà, ó lọ sí Japan, ó sì lọ sí Ṣáínà ní ọdún 1964.

A kò gbọdọ̀ fi apá kan ìtàn rẹ̀ pamọ́. Títí ó fi kú, Claudia kò kúrò nínú ìgbàgbọ́ Kọ́múníìsì. Àwa tí a gbé Bẹ̀nẹ̀ láti ọdún 1974 títí di Àpérò Àpapọ̀ 1990 mọ ohun tí ìjọba tí ó ní ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe fún ẹnu oníròyìn. Àwọn ilẹ̀ tí Claudia yìn ní Mọsiko àti ní Pẹkini kì bá tí gba ìwé ìròyìn olómìnira bí tirẹ̀ láàyè fún ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a wí lórí èyí, ó ní ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó ṣe ní Brixton kò di asán nítorí rẹ̀.

Ìwé ìròyìn náà ń jẹ owó, ó sì ń jẹ ara rẹ̀. Gbèsè kò tán, àrùn ọkàn kò lọ, ẹ̀dọ̀fóró tí ilé tútù Harlem ti bà jẹ́ kò gbà á láyè láti sinmi. Ní alẹ́ àìsùn Kérésìmesì ọdún 1964, ó kú nínú yàrá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí i. Ọmọ ọdún 49 ni. Wọ́n tẹ́ eérú rẹ̀ sí itẹ́ Highgate, ní ẹ̀gbẹ́ òsì ibojì Karl Marx. Ní ọdún 2008, ilé iṣẹ́ lẹ́tà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àwòrán rẹ̀ sórí sítám̀pù, ó di ẹni ọlá ní ìlú tí ó ti jẹ gbèsè.

Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn rẹ̀ ńkọ́? Ìtẹ̀jáde mẹ́rin péré ni ó tún jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi pé nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, West Indian Gazette ti kú. Kì í ṣe pé àwọn òǹkàwé kò sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìyà tí ó ń jẹ àwọn àtìpó ti tán. Ohun tí ó pa á ni pé èjìká ẹnì kan ṣoṣo ni ó dúró lé, èjìká náà sì ti rẹ̀ tipẹ́.

Nínú ọdún 1964 yìí kan náà ni Louis Hunkanrin kú ní ilẹ̀ tiwa, ọmọ Àjàṣẹ́ tí òun náà fi ìwé ìròyìn bá àwọn amúnisìn jà, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ lé lọ sí Mauritania. Àwọn méjèèjì jọra nínú ohun tí wọ́n san. Wọ́n tún jọra nínú èyí: gbogbo ènìyàn ni ó máa ń yìn wọ́n lẹ́yìn ikú, ṣùgbọ́n nígbà ayé wọn, ìwọ̀nba ni àwọn tí ó rántí láti san owó ìwé tí wọ́n ń kà.

Àwọn àgbà wí pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí ọmọ wa kan bá ti ẹsẹ̀ òkè Arigbo lọ sí ìlú òkèèrè, tí ó sì rí ìwé ìròyìn tàbí rédíò kékeré tí ń sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí ó má ṣe kà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó má sì dúró kí olùdásílẹ̀ rẹ̀ kú kí ó tó yìn ín. Kí ó ra ẹ̀dà tirẹ̀.